TA LÓ GÉ IGI Ẹ̀YÌNKÙLÉ? ÌJÌ TÓ Ń ṢÍ ÒRÙLÉ NÍ TẸ̀DÉ

  Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà sí òrùlé tó wà lórí kálukú. Ọ̀rọ̀ ìjì ni.

Ẹni tó bá ti gbé ìlú Tẹ̀dé rí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò ní Òkè-Ògùn, á mọ bí ọjọ́ ìjì ṣe máa ń rí. Oṣù kẹta ń parí lọ, tàbí oṣù kẹrin ti wọlé. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Oòrùn mú láti àárọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbé ààrò léni lórí. Ewé kan kò mì. Ajá nà gbalaja sábẹ́ bẹ́ńṣì, ó yọ ahọ́n síta. Tó bá wá di nǹkan bí aago 3 ọ̀sán, ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn. Dúdú tó ní pupa nínú ni, nítorí erùpẹ̀ ni ìjì ń gbá bọ̀ níwájú. Atẹ́gùn tútù kan á kọ́kọ́ fẹ́. Ara á tu gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọdé á máa fò sókè. Àmọ́ àwọn àgbà tó ti rí i rí á ti máa pariwo pé: “Ẹ káṣọ! Ẹ kó ẹ̀lùbọ́! Ẹ tilẹ̀kùn!” Kí ẹni tó wà lọ́jà tó palẹ̀ igbá mọ́, ó ti dé.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan báyìí. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, á mọ irú rẹ̀. Ká máa pè é ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Opó ni. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. Iṣu ló ń rà lóko, tó ń bó, tó ń bọ̀, tó ń sá, tó ń tà fún àwọn tó ń kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un jẹ́ ilé alámọ̀, yàrá mẹ́rin, páànù ló wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìjì yìí dé, ẹ̀lùbọ́ ìkẹyìn ọdún náà ṣì wà lórí àpáta. Ìyá sáré jáde, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n kó ìdajì sínú àpò. Kí wọ́n tó padà débi ìdajì yòókù, yìnyín ti ń rọ̀ lu ilẹ̀ bí òkúta. Wọ́n sá wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú, ṣùgbọ́n wọn kò rántí fèrèsé ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí ibi tí ìjì ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ìyá kan gbọ́ kíkéè! lókè. Ó gbójú sókè, ó rí ojú ọ̀run.

Òrùlé ti lọ. Páànù mẹ́fà bọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná aládùúgbò. Méjì há sórí igi kan tó jìnnà. Àwọn yòókù ká bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Òjò wá rọ̀ lé àpò ẹ̀lùbọ́ tó wà nínú yàrá, lé ibùsùn, lé aṣọ àdìrẹ tí ìyá ń tọ́jú pamọ́, lé ìwé ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago 5, oòrùn ti tún yọ, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀lùbọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀lùbọ́ tí omi wọ̀ kò ṣeé tà mọ́. Tẹ́ ẹ bá tún un sá, á dúdú, á hu, á máa rùn. Owó tí ìyá fi ra iṣu, owó àjọ ni. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń retí kó dá tiwọn padà. Páànù wọ́n, pákó wọ́n, ìṣó wọ́n, kò sì sí ọkọ tó máa gùn orí òrùlé.

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sùn nílé àna rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò wá kí i. “Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ìrọ́jú.” Ẹnì kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Òmíràn ní Ọya ń bínú. Òmíràn sì wà níbẹ̀ tó ń wo àdúgbò ọ̀hún kù-ún-kù-ún, àfi bí ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn. Káfíńtà kan ló sọ ọ̀rọ̀ tó mú kí ilé pa rọ́rọ́.

Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Ilé Bàbá tó wà lọ́hùn-ún yẹn dàgbà ju tiyín lọ. Páànù rẹ̀ ti ń dípẹtà. Ìṣó kan ò yọ lára rẹ̀.”

Ìyá ní, “Káfíńtà, ọmọ mi, kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Ṣé èmi ni mo pe ìjì ni?”

Ó ní, “Rárá o, Ìyá. Ẹ kàn wo ẹ̀yìn ilé wọn. Igi irúgbá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti mángòrò. Níbo ni tiyín wà?”

Ìyá dákẹ́. Gbogbo ènìyàn mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà fẹ́ san owó ìdánwò àṣekágbá, ìyá kò rówó. Àwọn tó ń sun èédú wá bá a, wọ́n ní àwọn á ra igi ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gé irúgbá méjì àti igi apá kan. Wọ́n sun wọ́n. Lọ́rì kó wọn lọ. Ọmọ ṣe ìdánwò, ó sì yege. Ta ló máa wá sọ pé ìyá ṣe ohun tí kò dára?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè dá ìjì dúró. Ṣùgbọ́n ìdí wà tí ìjì kan náà fi ń ṣí ilé kan, tó sì ń fo ilé kejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìjì yìí jẹ́. Atẹ́gùn méjì ló máa ń jà lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti òkun bọ̀ láti gúúsù, omi ló kún inú rẹ̀. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ láti àríwá, gbígbẹ ni, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ, tí òjò ń bọ̀, àwọn méjèèjì á pàdé lágbègbè Òkè-Ògùn. Oòrùn tó mú láti àárọ̀ á mú kí atẹ́gùn olómi gbóná, á gòkè fíofío, á di ìkùukùu ńlá. Òkè lọ́hùn-ún tutù ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Omi tó bá débẹ̀ á dì, òun ni yìnyín tó ń bọ́ lù wá. Nígbà tí òjò bá wá ń já wálẹ̀, á ti atẹ́gùn tútù lulẹ̀, atẹ́gùn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ilẹ̀ níwájú òjò. Òun ni ìjì. Nígbà tó bá le, eré rẹ̀ lè ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé, kí òjò tó tẹ̀ lé e. Láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ló sì sábà máa ń rìn nílẹ̀ wa. Ó máa ń le nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á sì tún le nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Ìjì òjò lásán! Ṣebí ìlú òyìnbó ni ìjì gidi wà, níbi tí òjò dídì ti ń bo ilé mọ́lẹ̀.” Òótọ́ ni. Nínú oṣù kejì ọdún 1972, ìjì òjò dídì kan jà ní ilẹ̀ Ìráànì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó bo àwọn abúlé mọ́lẹ̀, orí òrùlé gan-an kò hàn mọ́. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ló kú. Kò sí ìjì òjò dídì mìíràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìtàn pé ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará oko ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé ará oko ni ìrànlọ́wọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1888, ní Nebraska, Dakota àti Minnesota. Pápá gbalasa ni ibẹ̀, igi kò pọ̀, àwọn àgbẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọjọ́ dára, òtútù dínkù. Àwọn ọmọ kò wọ ẹ̀wù òtútù lọ sílé ìwé. Lójijì ni ìjì dé pẹ̀lú òjò dídì, ẹni kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé kò mọ ọ̀nà mọ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 235 ènìyàn ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ tiwa? Ojú ọjọ́ tó dára jù láàárọ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ.

Àmọ́ ohun tó yẹ kí ará Tẹ̀dé mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá yẹn lẹ́yìn náà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tu koríko kúrò lórí ilẹ̀ tó lọ salalu, wọ́n fi ṣọ̀gbìn àlìkámà. Nígbà tí ọ̀dá dé láàárín ọdún 1930 sí 1939, kò sí ohun tó di erùpẹ̀ mú mọ́. Afẹ́fẹ́ gbé oko wọn lọ. Erùpẹ̀ bo ilé, ó bo ẹran ọ̀sìn, ó ṣú bo oòrùn lọ́sàn-án gangan. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé kó ẹrù wọn sínú mọ́tò, wọ́n sá lọ. Ní ọdún 1934, Ààrẹ wọn, Franklin Roosevelt, pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbin igi ní ìlà ní ìlà láti North Dakota ní àríwá títí dé Texas ní gúúsù, láti máa fi dínà fún afẹ́fẹ́. Nígbà tó fi máa di 1942, igi tí wọ́n ti gbìn lé ní mílíọ̀nù 220. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tó ní ẹ̀rọ oríṣiríṣi, igi ló padà lọ bẹ̀.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín náà, wọ́n ti gbin irú ìlà igi bẹ́ẹ̀ ní Kánò, Kàtsínà, Sókótó àti Bọ̀rnó, dóńgóyárò sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tí àwọn ará òkè Ọya fi owó ńlá gbìn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi fún Òkè-Ògùn. Igi irúgbá, igi òrí, ìrókò, apá, ọ̀gánwó. Kò sẹ́ni tó gbin ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn baba ńlá kàn dá wọn sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Èédú. Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí tí kò tíì rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Igi ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tò jọ, tí wọ́n ń fi koríko àti erùpẹ̀ bò, tí wọ́n á wá dáná sí, tí á máa jó díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀nà yìí máa ń fi igi ṣòfò. Kí wọ́n tó rí èédú kìlò 1, ó lè gba igi kìlò 5 sí 8, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tó bá le, tó bá dàgbà, òun ni èédú rẹ̀ dára jù, nítorí náà òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá.

Kí ẹnikẹ́ni nílùú ńlá má tíì máa ṣépè fún àwọn ará oko. Ta ló ń ra èédú ọ̀hún? Ìyá olóúnjẹ ní Ìbàdàn ni. Alákàrà ní Èkó ni. Ẹni tó ń sun ẹran nígboro ni. Nígbà tí kẹrosíìnì àti gáàsì gbówó lórí, kí ni kí wọ́n fi dáná? Òkè òkun náà ń rà á, wọ́n fi ń sun ẹran nígbà ìgbádùn. Àwa tó ń rà á àti àwọn tó ń tà á, gbogbo wa la jọ gbé àáké yẹn dání.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò owó. Ẹ jẹ́ ká bá Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Igi irúgbá kan ń so lọ́dọọdún. Èso rẹ̀ ni irú tó ń ta ọbẹ̀ wa lóórùn. Ọmọ ń lá ìyẹ̀fun inú rẹ̀. Ẹran ń jẹ ewé rẹ̀. Iboji rẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń ta ayò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjì ti ń rọ̀. Ẹni tó bá gbin irúgbá lónìí lè dúró ọdún 5 sí 10 kó tó rí èso. Igi òrí tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀, ó lè gbà tó ọdún 15 sí 20. Igi tó yẹ kó bọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ìyá tà á lẹ́ẹ̀kan, owó náà tán nínú ìdánwò kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjì wá gba páànù, ó gba ẹ̀lùbọ́, ó gba owó àjọ. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ta ló jèrè?

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Òwe yẹn ti wà ká tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú wa.

Ẹ gbọ́ bí igi ṣe ń gbèjà ilé. Igi kì í dá ìjì dúró bí ògiri. Ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ ló ń já eré afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ìlà igi tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ààbò rẹ̀ lè dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìlà igi kan lè gbèjà odindi agbo ilé. Bí ìlú bá wà láàárín oko tó ní igi, ìjì á ti rẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé. Bí gbogbo oko bá ti di pápá gbalasa, a jẹ́ pé páànù ilé àkọ́kọ́ ni ìjì máa kọ́kọ́ pàdé. Ẹ̀ka ọgbà ìjọba àpapọ̀ Ọ̀yọ́-Ilé kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ orúkọ Tẹ̀dé. Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìjọba àpapọ̀, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gégi níbẹ̀. Àmọ́ igi inú ọgbà ìjọba kò lè gbèjà òrùlé inú ìlú. Igi ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣe ìyẹn.

Kò ní dára ká kàn ka ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn ká sì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ẹni tí kò lówó lè ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin káfíńtà. Ohun tó ń gbé òrùlé lọ ni pé afẹ́fẹ́ ń wọlé lábẹ́ páànù, ó ń tì í sókè, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ń fà á sókè. Tí ẹ bá kan páànù mọ́ igi dáadáa, ṣùgbọ́n tí igi kàn jókòó lásán lórí ògiri, odindi òrùlé ló máa gbéra. Ẹ fi ọ̀já irin tàbí wáyà tó nípọn so igi òrùlé mọ́ inú ògiri, kó wọlé jìnnà. Ẹ kan ìṣó ní etí páànù àti ní igun ilé pọ̀ ju ti àárín lọ, nítorí etí ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí páànù yọ jáde jù kọjá ògiri. Òrùlé tó dà sí ìhà mẹ́rin le ju èyí tó dà sí ìhà méjì lọ. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni afẹ́fẹ́ tètè ń ṣí. Ẹni tó ń to òkúta sórí páànù, kó kó o kúrò. Bí ìjì bá gbé páànù, òkúta yẹn ló máa bọ́ lu ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin bíríkìlà náà, orí ògiri alámọ̀ tí òjò ti jẹ kò lè di igi mú. Ẹ tún un ṣe kí oṣù kẹta tó dé.

Ìkejì, ẹ̀yin ìyá. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú ní ìlà-oòrùn, ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó kọjú síbẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ pe àwọn ọmọ wọlé. Páànù tó ń fò lè gé ènìyàn bí àdá. Ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi nítorí àrá, ẹ má sì fara ti ògiri tó ti là. Láti ìparí oṣù kejì ni kẹ́ ẹ ti gbé ẹ̀lùbọ́ kúrò nílẹ̀, kó wà lórí pákó, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó nínú yàrá. Ẹ má sá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Ẹ máa gbọ́ rédíò. NiMet, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ nípa ìjì.

Ìkẹta, igi. Ẹ gbìn ín sí ìhà ìlà-oòrùn ilé, níbi tí ìjì ti ń bọ̀. Ẹ má ṣe gbìn ín sún mọ́ ògiri, nítorí igi náà lè wó. Bó bá máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ fi tó 40 sílẹ̀ láàárín òun àti ilé. Ẹ gbin mángòrò, ẹ gbin kajú, tí á máa mú owó wá kí irúgbá tó dàgbà. Dóńgóyárò tètè ń dàgbà, ẹran kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ gbìn ín ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì ro yí i ká kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má bàa jó o. Ẹni tó bá ń sun èédú, kó fi irúgbá àti òrí sílẹ̀. Kó gé ẹ̀ka, kó dá ìdí sí kó lè tún hù. Kó sì gbin igi tirẹ̀ tí á máa gé, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin iṣu kó tó wà á.

Ìkẹrin, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjà. Ẹ kò ṣe máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejì, kẹ́ ẹ pè é ní owó òrùlé? Ẹni tí ìjì bá ṣí ilé rẹ̀ á ní ibi tó máa kọ́kọ́ dì mú, kí ìrànlọ́wọ́ ìjọba tó dé. Bí owó yìí bá ti wà nígbà tí ìyá ń wá owó ìdánwò, bóyá igi mẹ́ta yẹn ṣì wà lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba náà. Omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ayé. Wọ́n tìtorí rẹ̀ tún ojú odò ṣe. Ìjì tó ń ṣí ilé mẹ́wàá níhìn-ín, ogún lọ́hùn-ún, tó ń ká òrùlé ilé ìwé kan lọ́dọọdún, kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ àwọn ará oko díẹ̀díẹ̀ bí ikán. Ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, àwọn ọmọ á máa jókòó nínú oòrùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ padà, kí wọ́n so igi òrùlé rẹ̀ mọ́ ògiri, kí wọ́n sì gbin igi sí ìhà ìlà-oòrùn ọgbà ilé ìwé náà. Iye tí irúgbìn igi ń jẹ kò tó iye tí páànù kan ń jẹ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ńkọ́? Àwọn ará àdúgbò dá owó jọ. Wọ́n tún páànù tó ṣeé nà nà. Káfíńtà kò gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ní kí ìyá máa san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ń fi wáyà so igi mọ́ ògiri, ìyá pe ọmọ rẹ̀ àgbà, èyí tí wọ́n torí ìdánwò rẹ̀ ta igi.

Ó ní, “Gba ọkọ́ yìí. Lọ gbẹ́ ihò mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òjò ti ń bọ̀.”

Ọmọ ní, “Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?”

Ó ní, “Gbẹ́ ihò ná.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìjì ti ṣí ilé yín rí? Báwo lẹ ṣe rí òrùlé gbé padà? Igi wo ló gba ilé yín sílẹ̀, àbí igi wo lẹ gé tẹ́ ẹ wá ń kábàámọ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú-ìwé lẹ́tà, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ kì í jìnnà. Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ wo ìhà ìlà-oòrùn ilé yín. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ mọ ohun tó kù yín kù.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Olúwa kò ní jẹ́ kí a rí ìjì tó ju agbára wa lọ.